Lẹ́tà sí Olóòtú: Ilé Míṣọ́nnárì Ńkọ́?

Olóòtú àgbà,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí nípa àwọn tó fi ayé wọn jìn fún iṣẹ́ ìhìnrere, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí n tó gbé kálàmù. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ló dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn ibi tí òǹkọ̀wé náà ti ń yin ọkùnrin kan tí kò dárúkọ, pé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, orí pápá ló wà tí ó ń wàásù, ọmọ náà sì ti ń rìn kí bàbá rẹ̀ tó fojú kàn án. Òǹkọ̀wé pe èyí ní ìfara-ẹni-rúbọ, ó ní kí gbogbo wa máa wò ó ṣe àwòkọ́ṣe. Èmi náà jẹ́ míṣọ́nnárì, ó sì ti pé ọdún 19 báyìí tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kì í ṣe láti bá òǹkọ̀wé jà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa irú ìyìn bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fi yin èmi náà rí, mo sì mọ ohun tí ilé mi san lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán kan. Gbogbo ẹni tó bá ti bá àjọ míṣọ́n ṣe pọ̀ ló mọ káàdì àdúrà, bébà líle kékeré tí wọ́n máa ń tẹ àwòrán míṣọ́nnárì àti ìdílé rẹ̀ sí, tí wọ́n á kọ orúkọ wọn sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì pín in káàkiri àwọn ìjọ kí àwọn èèyàn lè máa fi rántí wọn nínú àdúrà. Nínú tiwa, èmi àti ìyàwó mi jókòó, àwọn ọmọ mẹ́ta dúró yí wa ká, mo sì gbé ọwọ́ lé àkọ́bí wa lórí. Àkọ́bí náà ti ga jù mí lọ báyìí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbígbẹ̀yìn wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, mú ọ̀kan nínú káàdì yìí wá síbi tí mo ti ń di ẹrù ìrìn àjò. Ó fi ìka tọ́ka sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ìparí, ó yí káàdì náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹ̀yìn ni òun wà. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ó dá káàdì náà padà sínú àpótí mi, ó sì jáde lọ ṣeré. Èmi ni mo jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Fún odidi ọdún márùn-ún, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò tíì wà pa pọ̀ pẹ́ tó kí ẹnì kan ya àwòrán wa, àti ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn olóòótọ́ èèyàn níbi gbogbo ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, wọ́n ń gbàdúrà fún ènìyàn márùn-ún.

Mo di ẹrù mi tán lọ́jọ́ náà, mo sì lọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ojú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́n.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ míṣọ́nnárì sọ̀rọ̀, mo sì mú ìtàn William Carey. Inú yàrá ni mo wà tí mo ń ka ohun tí mo kọ sókè, tí ìyàwó mi ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ka bí Carey ṣe wọkọ̀ ojú omi kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1793, bí ó ṣe lo oṣù márùn-ún lórí omi kó tó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Íńdíà, àti bí Májẹ̀mú Tuntun tí ó túmọ̀ sí èdè Bengali ṣe jáde ní ọdún 1801. Ìyàwó mi gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó bá a lọ?”

Mo mọ ìtàn ìyàwó náà. N kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni. Dorothy, ìyàwó Carey, kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lọ síbì kankan, nítorí pé oyún wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké sì wà lọ́rùn rẹ̀. Carey ti gbà pé òun á fi í sílẹ̀, òun á mú Felix àkọ́bí wọn nìkan dání. Ìrìn àjò náà ló fì sẹ́yìn tí wọ́n fi ráyè padà wá bẹ̀ ẹ́. Nígbà yẹn ó ti bímọ, síbẹ̀ kò gbà láti tẹ̀ lé wọn àfi ìgbà tí wọ́n gbà pé kí ọmọ ìyá òun obìnrin bá òun lọ. Ní ọdún 1794, Peter ọmọ wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, kú sí ilẹ̀ àjèjì náà. Ọkàn Dorothy kò bọ̀ sípò mọ́. Àìsàn ọpọlọ ló bá a jà títí ó fi kú ní ọdún 1807, a sì rí i kà pé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ nínú yàrá kan, inú yàrá tó tẹ̀ lé e ni òun wà nínú ìdààmú rẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Carey kì í ṣe ìkà ènìyàn, inú ilé ara rẹ̀ ló ti tọ́jú aya rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ tó sì ṣe kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé mo ti wàásù nípa rẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ láìdárúkọ Dorothy lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí tán, ìyàwó mi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ni wọ́n rán níṣẹ́. Àwa, ẹrù ni wọ́n kà wá mọ́.” Ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ìwàásù kankan kò tíì gún mi lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 16 la ti jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn. Òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin níwèé, òun ló ń gba àlejò, òun ló ń kọ lẹ́tà àdúrà tí mo máa ń fọwọ́ sí, nígbà tí ìròyìn bá sì dé ọ́fíìsì, orúkọ èmi nìkan ló máa ń wà lórí rẹ̀.

David Livingstone, míṣọ́nnárì tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ìrìn àjò rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ilé tirẹ̀ náà. Ní ọdún 1852, ó fi Mary aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́rin sínú ọkọ̀ ojú omi padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tún fojú kàn wọ́n títí di ìparí ọdún 1856. Mary padà wá bá a lẹ́yìn náà, ibà sì pa á ní etí odò Zambezi ní ọdún 1862. Robert ọmọ wọn ọkùnrin lọ fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wọṣẹ́ ológun nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó sì kú sí ọwọ́ àwọn ọ̀tá ní ọdún 1864. Livingstone fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ nígbà tó yá pé òun kò bá àwọn ọmọ òun ṣeré tó nígbà tí gbogbo wọ́n ṣì jọ ń gbé ní Kolobeng, ibùdó míṣọ́n wọn ní Áfíríkà.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìpínyà ni àìbìkítà, èyí sì ni ibi tí ó yẹ kí a ti máa ṣọ́ra kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Eric Liddell, sárésáré tó gba wúrà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1924, tó sì di míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Ṣáínà, fi aya rẹ̀ tó lóyún àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì ránṣẹ́ sí Kánádà ní ọdún 1941, nítorí pé ogun ti ń le. Àwọn ará Japan kó òun sí àgọ́ ìhámọ́ ní Weihsien, ní Ṣáínà níbẹ̀. Inú àgọ́ kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé Chefoo sí, ilé ìwé tí àjọ míṣọ́n Hudson Taylor dá sílẹ̀ ní ọdún 1881 fún àwọn ọmọ míṣọ́nnárì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí òbí wọn sójú fún ọdún púpọ̀ nígbà ogun. Liddell di bí àbúrò bàbá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó ń kọ́ wọn, ó ń bá wọn ṣeré, nígbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ wà ní òdìkejì òkun. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1945, kò sì rí ọmọ kẹta náà láéláé. Ta ni yóò ka irú ìtàn yìí tí yóò bá ọkùnrin náà wíjọ́? Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ogun yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹni tí kàlẹ́ńdà yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀. Èmi, kàlẹ́ńdà ni. Kò sí ogun kankan.

Mo mọ àwọn ẹsẹ Bíbélì tí wọn yóò kà sí mi létí. Wọn yóò ka Lúùkù orí 14, níbi tí Olúwa ti sọ pé ẹni tí kò bá kórìíra bàbá àti ìyá, aya àti ọmọ, kò lè jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn òun. Wọn yóò ka Máàkù orí 10, nípa ẹni tó fi ilé àti ọmọ sílẹ̀ nítorí ìhìnrere. Mo ti wàásù láti inú méjèèjì, mo sì ṣì gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ yín, ẹ ka orí 10 náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló fi bẹ̀rẹ̀, pé ohun tí Ọlọ́run so pọ̀, kí ènìyàn má ṣe yà á. Lẹ́yìn náà, àwọn kan gbé ọmọ wá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì lé wọn sẹ́yìn, bóyá nítorí pé wọ́n rò pé ọwọ́ Ọ̀gá dí. Inú bí Jésù sí wọn. Ó gbé àwọn ọmọ náà mọ́ra. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fífi ilé sílẹ̀ tó wáyé. Orí kan náà ni, ojú ìwé kan náà sì ni nínú Bíbélì tèmi. Ní orí 7, Olúwa kan náà bá àwọn tó ń pe ohun ìní wọn ní Kọ́bánì wí, àwọn tó ń sọ pé ohun tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú bàbá àti ìyá wọn ti di ti Ọlọ́run. Mo ti bi ara mi léèrè bóyá kì í ṣe pé mo ti pe àkókò àwọn ọmọ mi ní Kọ́bánì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí mo sì ń retí ìyìn lé e lórí. Pọ́ọ̀lù, tí kò ní aya, kò fi ìlànà tirẹ̀ di ẹlòmíràn: ó kọ̀wé sí Tímótì pé ẹni tí kò bá lè ṣàkóso ilé ara rẹ̀ kò lè tọ́jú ìjọ Ọlọ́run, ó sì sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé Kéfà, ìyẹn Pétérù, àti àwọn àpọ́sítélì yòókù ń mú aya wọn rìn kiri.

Èyí tí ó ń yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó Mósè. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn aṣáájú ìjọ tí mo lọ rí tí wọn kò ti mẹ́nu kan ìmọ̀ràn tí ó fún Mósè nínú Ẹ́kísódù orí 18, pé kí ó yan olórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àádọ́ta-àádọ́ta àti mẹ́wàá-mẹ́wàá. A ti fi ìmọ̀ràn náà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ta ni ó rántí ẹni tí Jẹ́tírò mú wá kó tó la ẹnu ìmọ̀ràn? Sípórà aya Mósè ni, àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Gẹ́ṣómù àti Élíésérì, tí Mósè ti dá padà sílé bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí ó la òkun já pẹ̀lú odidi orílẹ̀-èdè lẹ́yìn rẹ̀, bàbá ìyàwó rẹ̀ ló bá a kó aya àti ọmọ wá sínú aginjù. Ọjọ́ kejì ni àgbà náà tó jókòó wo bí àwọn ènìyàn ṣe dúró yí ọkọ ọmọ rẹ̀ ká láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tó wá sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára, pé yóò dá òun àti àwọn ènìyàn náà lágara. Tí àwa bá ń wàásù rẹ̀, ọjọ́ kejì la ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgara yìí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ara àti ọkàn, nítorí pé kì í ṣe ìyàwó àti ọmọ nìkan ni iṣẹ́ ń jẹ níyà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa níwájú ìjọ, nígbà tí mo sì dé ibi oúnjẹ òòjọ́, n kò mọ ohun tó kàn mọ́. Àdúrà tí mo ti mọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo dúró, mo di orí àga ìwàásù mú, ìjọ ló sì bá mi parí rẹ̀. Àwọn kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn pé àwọn rí i bí Ẹ̀mí ṣe bà lé mi. Àárẹ̀ ni. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni mo ti ń sùn lóru fún oṣù mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti ru láìjẹ́ pé mo mọ̀. Dókítà tó yẹ̀ mí wò béèrè ìgbà tí mo sinmi odidi ọjọ́ kan gbẹ̀yìn. Mo ṣì ń wá ohun tí màá fi dáhùn nígbà tí ìyàwó mi sọ fún un pé, “Ẹ má dúró dè é, sà. Kò sí.”

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ yìí nínú ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ. Wọn kò pè é ní àrùn, wọ́n ní ohun tó ń ti ẹnu iṣẹ́ wá ni, nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá ti pẹ́ lára ènìyàn tí kò rí ojútùú. Wọ́n ka àmì mẹ́ta: agbára á tán lára, ọkàn á jìnnà sí iṣẹ́ náà tàbí kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìkorò, ohun tó ń ṣe kò sì ní já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀ mọ́. Àmì kejì ló bà mí lẹ́rù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àwọn gan-an tí mo wá wàásù fún. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn mi, inú mi á bàjẹ́ kí n tó dìde.

Nígbà tí Èlíjà sá wọ aginjù, tó jókòó sábẹ́ igi tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Àkàrà àti omi ló gbé síwájú rẹ̀. Èlíjà jẹun, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i kó tún jẹun, nítorí pé ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún un. Kò sí iṣẹ́ tuntun kankan lẹ́nu áńgẹ́lì náà. Ó di orí òkè Hórébù kí Olúwa tó tún rán an. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú wa ni Èlíjà wá, ààwẹ̀ la ò bá ní kó gbà.

Lúùkù ròyìn pé Jésù ń dàgbà nínú ọgbọ́n, nínú ìdàgbàsókè ara, nínú ojú rere Ọlọ́run àti ti ènìyàn. Òfin tí wọ́n fi dá Àjọ Ìlera Àgbáyé sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1948, sọ pé ìlera kì í ṣe àìsí àrùn nìkan, pé ara, ọkàn àti ìbágbépọ̀ ẹni pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ gún régé. N kò rò pé àwọn tó kọ òfin náà ń wo Lúùkù. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe ẹ̀mí lásán tó ń rìn kiri.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àjọ míṣọ́n ní orílẹ̀-èdè 14 fi hàn pé nǹkan bí míṣọ́nnárì 5 nínú 100 ló ń fi pápá sílẹ̀ lọ́dọọdún, àti pé nǹkan bí 7 nínú 10 àwọn wọ̀nyẹn ni ohun tó lé wọn kúrò jẹ́ èyí tí a lè dènà. Mo máa ń ronú lórí 7 wọ̀nyẹn. Mo mọ díẹ̀ nínú irú wọn. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ wọn yẹ̀. Ilé ló ń jóná, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Àwa náà ti yí àwọn nǹkan kan padà. Ìrìn àjò mi kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́, a kì í sì í kó àwọn ọmọ láti ilé ìwé kan sí òmíràn láìkọ́kọ́ bá wọn jókòó sọ ọ́. Èyí tó le jù ni ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ajé, inú báàgì ìyàwó mi ni fóònù mi máa ń wà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ńṣe ni mo ń rìn kiri inú ilé bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń kanra mọ́ gbogbo ènìyàn títí tí àkọ́bí mi fi sọ pé, “Dádì, ṣé ẹ ò ní lọ sí ìrìn àjò lọ́sẹ̀ yìí ni?” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àwọn ọmọ mi ti mọ́ra pẹ̀lú àìsí mi débi pé wíwà mi ni wọ́n wá ń kọ́ láti fara dà. Báyìí, èmi àti àbígbẹ̀yìn a máa ta lúdò ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó máa ń yí mi jẹ, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Irọ́ ni màá pa bí mo bá sọ pé iṣẹ́ kankan kò tìtorí èyí bàjẹ́. Ibùdó méjì ni mo jọ̀wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́ ló gba ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣe dáadáa, kódà wọ́n ń ṣe dáadáa ju bí mo ṣe fẹ́ gbà lọ. Èkejì túká. Ó ń dùn mí títí di òní, n kò sì mọ ọ̀nà tí mo lè gbà kọ ọ́ tí kò fi ní dùn mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún un yàn, bí mo ṣe yàn án náà ni.

Mo fẹ́ fi kún un, kí n má baà gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn míṣọ́nnárì tí kò tíì ṣègbéyàwó pẹ̀lú. Àwọn ni a máa ń pè ní gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn kò bá lè lọ, nítorí pé a rò pé kò sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n nílé. Wọ́n ní òbí tó ń darúgbó. Wọ́n ní ara tó ń rẹ̀ wọ́n. Arábìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ sọ fún mi nígbà kan pé láti ọdún méjì, kò sí ẹni tó bi òun pé, “Ṣé o ti jẹun?” àfi ìyá òun lórí fóònù.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn àjọ àti àwọn ìjọ tó ń rán wa níṣẹ́ kò tóbi. Ní gbogbo oṣù mẹ́ta, wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù ìròyìn ránṣẹ́ sí wa. Àyè wà níbẹ̀ fún iye ibi tí a dé, iye ìpàdé tí a ṣe, iye ẹni tó gbàgbọ́, iye ìwé ìléwọ́ tí a pín, àti iye owó tí a ná. Ohun tí fọ́ọ̀mù kì í béèrè, èèyàn á kọ́ láti má ṣe wò ó mọ́. Ohun tó sọ èmi di afọ́jú fún ọdún márùn-ún nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ni ojú. Kí wọ́n béèrè bí aya ṣe ń sùn. Kí wọ́n béèrè ìgbà tí òbí àti ọmọ jọ jẹun gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó wà nílé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn, kì í ṣe ẹni tó wà lórí pápá. Bí ìdáhùn náà kò bá sì dára, kí wọ́n má fi ẹsẹ Bíbélì dá a lóhùn. Kí wọ́n pè é wálé, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, kí owó àtìlẹ́yìn rẹ̀ má sì dúró.

Ní oṣù mẹ́ta tó kọjá, mo fi rúlà fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tèmi, mo kọ “Ilé ńkọ́?” sí i, mo sì gbé e fún ìyàwó mi. Ìlà mẹ́rin ló kọ. Ó ká a, ó fi sínú àpòòwé, n kò sì kà á kí a tó fi ránṣẹ́. Ọ́fíìsì ti fèsì. Wọ́n ní iye ìwé ìléwọ́ tí mo kọ kò bá iye tí wọ́n fún mi mu, kí n jọ̀wọ́ ṣàlàyé. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ìlà tí a fi kún un. Fọ́ọ̀mù oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ ti dé ọwọ́ mi báyìí, mo sì ti fa ìlà sí òun náà.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,

Míṣọ́nnárì kan